Búrẹ́dì Ìyá Ọkọ

Ọkọ aránṣọ wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́nà jíjìn, ìyá ọkọ nìkan ló ń yọjú sí i láti ìgbà tó ti bímọ. Búrẹ́dì onímílíìkì tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ló máa ń gbé wá. Ṣùgbọ́n inú ń run ọmọ, ẹ̀jẹ̀ sì ń hàn nínú ìgbẹ́ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní mílíìkì tí ìyá ń jẹ ló ń bá ọmọ jà nínú ọyàn.

“Mọ́mì, ẹ má bínú, mi ò lè jẹ ẹ́ mọ́.”

“Búrẹ́dì tí mo fi tọ́ ọkọ ẹ? Ó dáa, kí nọ́ọ̀sì máa wá bá ẹ ṣeré.”

Kò padà wá mọ́. Ara ọmọ yá, ó ń sùn fọnfọn. Aránṣọ jókòó ti ẹ̀rọ rẹ̀, ó ń jẹ ìrẹsì lásán, etí rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà.