Àmì Kan tó Sá Pamọ́ fún Ọdún Mọ́kànlá

Ọdún mọ́kàndínlógún ni Màríyámọ̀ ti ń kọ́ ọmọ ní kéwú ní Ikosi kí olè kan tó fi ọgbọ́n gba Wọ́sáàpù rẹ̀. Olè náà pè é lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀, ó ní àjọ àwọn olùkọ́ kéwú lòun ti ń pè, kó jọ̀ọ́ ka nọ́ńbà mẹ́fà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sórí fóònù rẹ̀ fún òun. Màríyámọ̀ kà á, kò mọ̀ pé kọ́kọ́rọ́ Wọ́sáàpù òun nìyẹn. Kí wọ́n tó kírun Aláàsárì, àwọn òbí ọmọ ilé kéwú ti ń gba àtẹ̀jíṣẹ́ lórúkọ rẹ̀ pé ara rẹ̀ kò yá, kí wọ́n ṣàánú rẹ̀. Àwọn kan fowó ránṣẹ́.

Ìtìjú mú un. Gafar ọkọ rẹ̀, tó ń ta àlùbọ́sà lápò lápò ní Mile 12, ní kó gbàgbé ẹ̀, pé kò sí ẹni tí wọn ò lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún.

"Mi ò lè gbàgbé ẹ̀," ni Màríyámọ̀ wí. "Mo fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é."

Kò pẹ́ sígbà náà ni kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré kan ní Ketu gbé patákó síta pé àwọn ń kọ́ni bí wọ́n ṣe ń já wọnú kọ̀ǹpútà pẹ̀lú àṣẹ ẹni tó ni ín, kí wọ́n lè rí ihò tí olè máa gbà wọlé kí olè tó rí i. Gbogbo ọjọ́ Sátidé ni, fún oṣù mẹ́fà. Màríyámọ̀ lọ forúkọ sílẹ̀. Ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì ni, ohun tó sì mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà kò ju kó tẹ ìwé ìdánwò àwọn ọmọ lọ.

Àwọn méjìlá ló wà ní kíláàsì. Ẹni tó jókòó tì í ni Kẹ́misọ́lá, ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún tó ń wá láti Ogudu GRA, tí ìka rẹ̀ ń dún lórí kọ̀ǹpútà bí òjò lórí páànù. Olùkọ́ wọn ni Ọ̀gbẹ́ni Bartholomew, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tí kì í gbé ohùn sókè.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó gbé ètò kọ̀ǹpútà kan sójú ògiri, kò ju ogún ìlà lọ. Iṣẹ́ ètò náà kò ju pé kó béèrè orúkọ ènìyàn, kó sì sọ fún un bóyá àlejò ni tàbí ọ̀gá.

"Mummy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa tẹ orúkọ yín sí i," ó wí fún Màríyámọ̀. "Kó pé dáadáa o. Ẹ fi ti bàbá yín náà kún un."

Màríyámọ̀ fi ìka kan ṣoṣo tẹ̀ ẹ́, lẹ́tà kan lẹ́yìn èkejì: Mariyamo Ajoke Abdulrauf. Kọ̀ǹpútà dákẹ́ díẹ̀, ó sì kọ ọ́ síta pé: Ẹ káàbọ̀, ọ̀gá.

Kíláàsì rẹ́rìn-ín. Màríyámọ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo ogún ìlà tó wà lójú ògiri, ó sì ń wá ibi tí wọ́n ti ní kí wọ́n pe òun ní ọ̀gá. Kò rí i.

Ọ̀gbẹ́ni Bartholomew ṣàlàyé. Ẹni tó kọ ètò náà fi àyè sílẹ̀ fún lẹ́tà mẹ́rìndínlógún, ṣùgbọ́n kò sọ ohun tí kọ̀ǹpútà máa ṣe bí orúkọ bá gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí a bá ka àlàfo àárín orúkọ mọ́ ọn, lẹ́tà àkọ́kọ́ nínú Abdulrauf ló jókòó sí àyè tó kẹ́yìn. Àwọn tó kù dà sí yàrá kejì. Yàrá kejì yẹn gan-an sì ni kọ̀ǹpútà kọ ọ́ sí pé ẹni yìí kì í ṣe ọ̀gá. Orúkọ bàbá Màríyámọ̀ ti bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀; kọ̀ǹpútà kò rí i mọ́, ó bá gbà pé ọ̀gá ni.

"Sà, ta ló wá ní kó pè mí ní ọ̀gá?" Màríyámọ̀ béèrè. "Kò sí ẹni tó kọ ọ́."

"Kò sí, Mummy. Ohun tí wọ́n gbàgbé láti kọ ló pè yín bẹ́ẹ̀."

Màríyámọ̀ fi ọwọ́ bo ẹnu. Súbúhànálláhì, ló wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ó ti rò pé àwọn tó ń já wọnú ẹ̀rọ ní agbára kan tàbí irin iṣẹ́ kan tí ènìyàn kì í rí. Ó wá rí i pé ọ̀rọ̀ lásán ni, ọ̀rọ̀ tí ènìyàn kọ tí kò kọ tán. Nígbà tó délé, ó sọ ọ́ fún Gafar lẹ́ẹ̀mejì, àfi bíi pé ẹnìkan fi ìlú kan hàn án nísàlẹ̀ ilẹ̀ tó ń rìn lé lórí láti ìgbà ọmọdé.

Oṣù mẹ́ta tó tẹ̀ lé e kò rọrùn. Òye àwọn yòókù ń yára ju tirẹ̀ lọ. Àwọn ìgbà míì wà tó máa ń tọ́jú omijé títí yóò fi wọ kẹ̀kẹ́. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí kò lè ṣàìṣe: tó bá gbé ètò kọ̀ǹpútà kan síwájú, ó gbọ́dọ̀ kà á sókè, àmì kọ̀ọ̀kan, bó ṣe ń ka Àlùkùránì láti ọmọ ọdún méje títí tó fi há gbogbo rẹ̀ sórí. Kẹ́misọ́lá máa ń fi ẹsẹ̀ tọ́ ọ lábẹ́ tábìlì pé, "Aunty, kíláàsì ń gbọ́ yín."

Nígbà tó ku oṣù kan, Ọ̀gbẹ́ni Bartholomew pín wọn ní méjì méjì. Ó fún méjì kọ̀ọ̀kan ní ètò kọ̀ǹpútà tí àwọn tó kọ ọ́ ti gbé síta kí gbogbo ayé lè máa kà á. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n wá àṣìṣe inú rẹ̀. Ètò kan tó ń ṣí àwòrán ló kan Màríyámọ̀ àti Kẹ́misọ́lá, ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ìlà.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni Kẹ́misọ́lá fi tú u. Ó fi irin iṣẹ́ oríṣiríṣi gbọ̀n ọ́n wò. "Kò sí nǹkan kan níbẹ̀, Aunty," ló wí. "Gbogbo ayé ti kà á tán."

Màríyámọ̀ ń kà á lọ ní tirẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Túsìdeè kan, lẹ́yìn ìrun Àsùbáà, ó dé ibi kan tí ètò náà ti ń ka àwòrán wọlé ní ìlà ìlà. Bí àwòrán bá ní ìlà mẹ́wàá, kọ̀ǹpútà máa ń kà á láti òdo dé ẹ̀sán, nítorí náà ìtọ́ni ní kó máa kà lọ níwọ̀n ìgbà tí nọ́ńbà bá ṣì kéré sí mẹ́wàá. Ibi mẹ́rin ni irú ọ̀rọ̀ yìí ti wáyé. "Kéré sí," ló kà ní ibi àkọ́kọ́. "Kéré sí," ní ibi kejì àti ibi kẹta. Ní ibi kẹrin, ahọ́n rẹ̀ kọsẹ̀. "Kéré sí, tàbí kó bá a dọ́gba."

Ẹni tó bá há Àlùkùránì sórí mọ ibi tó léwu jù: àwọn áyà, ìyẹn ẹsẹ, tó jọra, tí ọ̀rọ̀ kékeré kan ṣoṣo fi yàtọ̀ síra wọn. Ibẹ̀ ni àwọn ààfáà máa ń fi dánni wò. Ọdún mọ́kàndínlógún ni òun náà ti ń fi etí ṣọ́ ọ lẹ́nu àwọn ọmọ. Ó padà sẹ́yìn, ó tún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kà. Àmì dọ́gba kan ṣoṣo ló wà ní ibi kẹrin tí kò sí ní ibi mẹ́ta yòókù. Ètò náà máa wá ìlà kọkànlá nínú àwòrán oní ìlà mẹ́wàá, á sì da ohun tó bá rí síbi tí kì í ṣe tirẹ̀.

Ó pe Kẹ́misọ́lá. Ohùn oorun ṣì wà lẹ́nu ọmọ náà.

"Ẹ tún un kà fún mi, Aunty." Ó kà á. Kẹ́misọ́lá ní, "Ẹ jẹ́ kí n dìde."

Ní Sátidé, Kẹ́misọ́lá ti ya àwòrán kékeré kan tó bá ibi kẹrin yẹn mu. Ó fún ètò náà ní àwòrán ọ̀hún níwájú kíláàsì. Ètò náà ṣubú lulẹ̀ gbì, kò ṣiṣẹ́ mọ́. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. Ọ̀gbẹ́ni Bartholomew fa àga kan, ó jókòó.

"Ètò yìí wà nínú fóònù," ó wí jẹ́jẹ́. "Ó wà nínú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo egungun aláìsàn. Ó wà níbi tí èmi gan-an kò mọ̀."

Màríyámọ̀ wo fóònù tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti ń mú un káàkiri, kò mọ̀ pé ilẹ̀kùn kan ṣí sílẹ̀ nínú rẹ̀.

Kẹ́misọ́lá fẹ́ gbé àṣìṣe náà sórí íńtánẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́ náà. Olùkọ́ wọn ní rárá, ẹni tó ni ètò ni wọ́n máa kọ̀wé sí ní ìkọ̀kọ̀, wọ́n á sì dúró dìgbà tó bá dí i.

"Tí ẹlòmíì bá wá kọ́kọ́ sọ ọ́ ńkọ́, sà? Kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé àwa la rí i."

Màríyámọ̀ ló dá a lóhùn. "Kẹ́misọ́lá, ẹnìkan ló kọ́ olè tó gba Wọ́sáàpù mi. Tá a bá sọ ọ́ síta kí wọ́n tó dí i, àwa la kọ́ olè tó ń bọ̀."

Nígbà tó yá, Kẹ́misọ́lá fúnra rẹ̀ ló jókòó tẹ lẹ́tà náà.

Ọjọ́ mọ́kàndínlógún kọjá, wọn ò gbọ́ nǹkan kan. Ní ọjọ́ ogún, Màríyámọ̀ wà ní Alápẹ̀rẹ̀, ó ń ra ṣọ́ọ̀kì, nígbà tí èsì wọlé. Ọkùnrin kan ló kọ ọ́ láti Estonia, ní ilẹ̀ Yúróòpù. Ó ní kí wọ́n má bínú, òun ṣàìsàn. Ó ní ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn lòun kọ ìlà náà, òun sì ti kà á kọjá ju ọgọ́rùn-ún ìgbà lọ. Ó ti dí i báyìí. Ó béèrè orúkọ wọn kó lè kọ ọ́ sí ara iṣẹ́ náà, lẹ́yìn náà ló wá béèrè ohun kan sí i: báwo ni wọ́n ṣe rí i?

Màríyámọ̀ fi orúkọ Kẹ́misọ́lá síwájú tirẹ̀. Sí ìbéèrè kejì, ó kọ ọ́ pé: Mo kà á sókè.

Ó rò pé ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, lẹ́tà míì dé. Gafar ń jẹun lọ́wọ́, Màríyámọ̀ sì ń túmọ̀ rẹ̀ fún un díẹ̀díẹ̀. Ọkùnrin náà ní òun gbé àga sí ilé ìdáná òun, òun sì ka gbogbo ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ìlà náà sókè fún odidi ọjọ́ méjì. Ìyàwó òun rò pé àìsàn náà ti padà dé. Òun ti rí àṣìṣe méjì míì.

Gafar dá òkèlè dúró. "Torí ohun tó o sọ fún un ló ṣe ń kà á?"

"Torí ẹ̀ ni."

"Ní ilé ìdáná ẹ̀?"

Màríyámọ̀ mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó ń gbìyànjú láti fojú inú rí ọkùnrin náà, ní ìlú olótùútù tí kò ní dé láyé, tó ń la ẹnu ka iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ lọ ní àmì kọ̀ọ̀kan, bíi pé kò kà á rí.