Ajá Inú Kásẹ́ẹ̀tì

Wóù-wóù-wóù! Kì í ṣe gbígbó ajá ńlá tó ń ti inú àyà jáde o. Tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó mú bí abẹ́rẹ́, etí ló ń gbà wọlé, eyín ló sì ń dúró sí. Ó ti pẹ́ gan-an tí Mùkáílà ti kúrò ní Abùjá. Ọ̀pọ̀ nǹkan ibẹ̀ ló ti parẹ́ lọ́kàn rẹ̀: orúkọ àwọn ọ̀gá, ọ̀nà tó ń gbà dé ibi iṣẹ́, àní ojú ilé tó gbé pàápàá. Ṣùgbọ́n bí ajá kékeré kan bá gbó níbi tó wà báyìí, ní ìlú òtútù tí kò sí ẹni tó mọ Ìlọrin, ọwọ́ òsì rẹ̀ á kọ́kọ́ lọ sí àpò, á máa wá ẹran. Lẹ́yìn náà ni yóò tutọ́ sílẹ̀.

Lọ́kì ni wọ́n ń pe ajá náà. Funfun ni, irun bò ó lójú, kò sì ga ju ìkòkò ọbẹ̀ lọ. Màdáàmù Oyèbísí ló ni ín, ọ̀gá obìnrin kan ní iléeṣẹ́ tó ń kọ́lé fún ìjọba, tí wọ́n fún ní ilé ní Life Camp, ibùdó àwọn òṣìṣẹ́ ní Abùjá. Nǹkan bí ọdún 1985 ni. Abùjá ìgbà náà, erùpẹ̀ pupa àti katakata ló pọ̀ níbẹ̀. Èèyàn lè ríṣẹ́ láàárọ̀ kó má rí ibi tó máa sùn lálẹ́. Kápẹ́ńtà ni Mùkáílà, ọmọ Ìlọrin. Inú àtíbàbà pákó kan ní Kwali, ìlú kan tó jìnnà síbi iṣẹ́, ló ń sùn, láàárín àwọn ọkùnrin tí ẹsẹ̀ wọn ń rùn, ìdájí ló sì ń wọ mọ́tò wá síṣẹ́. Ràdíátù ìyàwó rẹ̀ wà nílé ní Ìlọrin pẹ̀lú Sànúsí ọmọ wọn. Ọjọ́ tí Mùkáílà ń lọ, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Ràdíátù sọ fún un.

"Ọjọ́ tí ẹ bá rí ibi tí mo lè tẹ́ ẹní ìkírun mi sí, ẹ ránṣẹ́ sí mi. Màá wá."

Nítorí náà, nígbà tí Màdáàmù Oyèbísí ní yàrá ẹ̀yìn ilé òun ṣófo, pé kí Mùkáílà kó wọ ibẹ̀, kó kàn máa bá òun mójú tó Lọ́kì torí pé Èkó ni òun sábà máa ń wà, Mùkáílà ò ráyè rò ó. Ó ti ń dúpẹ́ kí obìnrin náà tó parí ọ̀rọ̀. Ìgbà tí ajá náà jáde lábẹ́ àga, tó sì fi ahọ́n lá àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀, ló tó mọ ohun tó gbà.

"Ó ti fẹ́ràn ẹ!" ni Màdáàmù wí, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹ ṣé, mà." Mùkáílà ń fi ẹsẹ̀ náà gbo ilẹ̀ bí ẹni fẹ́ bó o láwọ.

"Nǹkan kan péré. Àwọn èèyàn ti fi ariwo rẹ̀ sùn ní ọ́fíìsì ibùdó. Wọ́n ní bí àwọn bá tún gbọ́ ọ, kí n mú un kúrò níbí. Bí kò bá sì sí níbí mọ́, Mùkáílà, kí ni màá máa fi ìwọ náà ṣe?"

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ajá yìí ṣe rí. Á lá ìdí ara rẹ̀ tán, á lá imú, lẹ́yìn náà á máa wá ẹni tó kàn tó máa lá. Bí òjò bá pa á, òórùn rẹ̀ dà bí àkísà tí wọ́n gbàgbé sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Omi rúsúrúsú kan kì í gbẹ lójú rẹ̀. Irun rẹ̀ ń wọ inú gààrí tí wọ́n dé, bí ó ṣe ń wọ ibẹ̀, Ọlọ́run ló mọ̀. Àfẹ̀mọ́júmọ́ ọjọ́ kan ni Mùkáílà jáde láti ṣe àlùwàlá, ló bá bá Lọ́kì lẹ́bàá bútà rẹ̀, tó ń lá ẹnu bútà náà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ọmọ tó rí oyin. Ó fọ̀ ọ́ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nílé kéwú, ẹ̀ẹ̀meje, tí iyẹ̀pẹ̀ wà nínú ọ̀kan. Síbẹ̀, kò lè gbé e sún mọ́ ojú. Ó sọ ọ́ nù. Ó ra òmíràn méjì, ọ̀kan fún ara rẹ̀, ọ̀kan fún Ràdíátù, ó sì fi wọ́n kọ́ orí ìṣó gíga.

Nígbà náà, kásẹ́ẹ̀tì ni àwọn tó wà lẹ́yìn odi fi ń bá ará ilé sọ̀rọ̀. Èèyàn á jókòó ti rédíò, á tẹ bọ́tìnnì, á sọ tẹnu rẹ̀, á sì fún awakọ̀ tó ń lọ sílé. Bùsàrí, àbúrò ìyá Mùkáílà tí kò ju ọmọ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n lọ, tí Mùkáílà gan-an jù lọ́jọ́ orí, ló ń wa mọ́tò Abùjá sí Ìlọrin. Mùkáílà jókòó láti ránṣẹ́ pé yàrá ti wà. Kò tíì sọ "Ìyá Sànúsí" tán tí Lọ́kì fi rí ẹnì kan tó ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà ọgbà. Wóù-wóù-wóù! Ó dá kásẹ́ẹ̀tì padà, ó tún bẹ̀rẹ̀. Wóù-wóù! Níkẹyìn, ó fi apẹ̀rẹ̀ bo ajá mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ilé, ó ti ilẹ̀kùn, ó sọ̀rọ̀ kíákíá bí ẹni tí wọ́n ń lé, ó sì fi kásẹ́ẹ̀tì náà lé Bùsàrí lọ́wọ́. Kò mẹ́nu kan ajá tó ṣì ń gbó lábẹ́ apẹ̀rẹ̀ rárá.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ohùn Ràdíátù dé.

"Bàbá Sànúsí, mo gbọ́ yín. Sànúsí di rédíò mú, ó ní bàbá òun wà nínú rẹ̀, kí n ṣí i. Inú mi dùn sí yàrá náà. Ṣùgbọ́n kí ló ń gbó lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yín? Mo tún un gbọ́ títí. Bó bá jẹ́ ajá àdúgbò ni, kò burú, ibo ni kò sí ajá? Bó bá jẹ́ inú ilé tí ẹ fẹ́ mú mi wá ni, ẹ sọ ọ́ fún mi. Ẹ mọ bí nǹkan yẹn ṣe máa ń rí lára mi."

Mùkáílà pa rédíò. Ó mọ̀ ọ́n dáadáa. Kí Ràdíátù tó gba ibi tí ajá dùbúlẹ̀ sí kọjá, á kúkú yí gbogbo àdúgbò po. Ó jókòó, ó rò ó, ó sì pinnu: òun máa fi kásẹ́ẹ̀tì mìíràn ránṣẹ́, tí ajá ò ní gbó nínú rẹ̀ rárá, òun á ní ajá àdúgbò ni tàkọ́kọ́. Bí ìyàwó bá ti kẹ́rù dé, níbo ló tún máa gbé e lọ? Ó ku kí ajá kọ́ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́.

Igbe ló kọ́kọ́ lò. "Dákẹ́! Pa ẹnu ẹ dé!" Bó ṣe ń kígbe ni Lọ́kì ń gbó sí i, tó ń ju ìrù, inú rẹ̀ ń dùn pé Mùkáílà náà ti wá bá òun gbó. Ló bá ra fùkù lọ́wọ́ alápatà, ó bọ̀ ọ́, òórùn rẹ̀ gba gbogbo yàrá, ó gé e wẹ́wẹ́ sínú ọ̀rá, ó kì í bọ àpò. Nítorí pé kò fẹ́ kí ẹnu ajá náà sún mọ́ òun, òkèèrè ló ti ń jù ú. Lọ́kì á gbó, Mùkáílà á ju ẹran, gbogbo ibẹ̀ á pa lọ́lọ́. Ó rò pé òun ti rí i ṣe. Kò pẹ́ tí ajá náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbó nígbà tí ẹnikẹ́ni ò kọjá. Á wo àpò ṣòkòtò Mùkáílà, á sì figbe ta.

Babalọlá tó ń gbé ilé kejì, iṣẹ́ òru ló ń ṣe, ojú ọ̀sán ló ń sùn. Ó wá sídìí wáyà ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ìró ìyàwó rẹ̀ ló ró mọ́dìí, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Ọmọ Ìlọrin! Ìwọ lo ń ba ajá yìí jẹ́."

"Èmi? Èmi tí mò ń bẹ̀ ẹ́ láti àárọ̀?"

"Kai! Ó gbó, o fún un lẹ́ran. Ó tún gbó, o tún fún un. Iṣẹ́ lo gbà á sí! Bí wọ́n bá ń fún èmi lẹ́ran báyẹn, ṣé mi ò ní gbó ni? Wò ó, bí mi ò bá rí oorun sùn títí di ọjọ́ Ẹtì, ọ́fíìsì yá."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́. Kí ni kí n wá ṣe?"

"Ìgbà tó bá dákẹ́ ni kó o fún un. Lọ́wọ́! Kó mọ̀ pé ọ̀dọ̀ rẹ ló ti wá, kì í ṣe pé ó já bọ́ látọ̀run."

"Lọ́wọ́ kẹ̀?" Mùkáílà wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Ọwọ́ tí mo fi ń jẹun?"

"Fi òsì fún un. Ajá ò ní bínú."

Mùkáílà kọ́kọ́ kan àpò ìdọ̀họ mọ́ wáyà ọgbà látòkè délẹ̀, kí ajá má rí ẹsẹ̀ èèyàn mọ́. Ìdajì ariwo náà kú síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá fi ìka òsì mú fùkù, ó gbé e sókè imú Lọ́kì. Imú tẹ̀ lé ẹran lọ sókè, ìdí kanlẹ̀. "Jókòó," ni Mùkáílà wí, ó sì fún un. Ahọ́n náà wé ìka rẹ̀, ó lọ́wọ́ọ́wọ́, ó ń yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá tó ti kan. Ṣíọ̀! Ó sáré lọ sídìí ẹ̀rọ omi, ó fi iyẹ̀pẹ̀ bó ọwọ́, ó gbóòórùn rẹ̀ wò, ó tún bó o. Ó padà wá. "Jókòó."

Báyìí ni wọ́n ń ṣe é, láàárọ̀ kó tó lọ síbi iṣẹ́ àti nírọ̀lẹ́ tó bá dé. Bí Lọ́kì bá gbó, á rọra sọ pé "Ó tó," á kẹ̀yìn sí i, á di ọwọ́ mọ́ ẹran. Bí ajá náà bá dánu dúró láti mí báyìí, kíá, ẹran. Lọ́jọ́ kejì ó dúró pẹ́ díẹ̀ kó tó fún un, lọ́jọ́ kẹta ó tún pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tó ṣàkíyèsí pé ìró ìdè géètì kì í kùnà láti mú un gbó, ó kọ́ ọ nìyẹn náà. Á sọ pé "Gbó!" kó tó mi ìdè, tó bá gbó tán, "Ó tó." Gbígbó ajá náà wá di ohun tó ń ṣí tó ń tì bí ẹnu ẹ̀rọ omi.

Ẹ má rò pé ó di ọ̀rẹ́ rẹ̀ o. Ọjọ́ kan tí ewúrẹ́ kan ti orí wọ ọgbà, Lọ́kì gbàgbé gbogbo ohun tó kọ́, ó gbó títí ó fi bì sórí bàtà Mùkáílà. Kí Mùkáílà tó yọ ẹsẹ̀ kúrò, ó ti tẹ orí ba, ó ń jẹ èébì náà padà, ó ń wò ó lójú bí ẹni ń sọ pé ó dùn. Mùkáílà ò lè jẹun alẹ́ ọjọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tó fi máa di ọjọ́ Ẹtì, ọgbà náà pa rọ́rọ́. Babalọlá wá yọjú lókè àpò ìdọ̀họ.

"Ṣé ó ti kú ni?"

"Ó jókòó."

"Ó jókòó bí èèyàn?"

"Bí ajá, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ lọ sùn."

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, Bùsàrí dé láti gba kásẹ́ẹ̀tì, àgbàdo sísun lọ́wọ́ rẹ̀. Mùkáílà gbé rédíò kalẹ̀. "Lọ́kì, jókòó." Ó jókòó. Ó tẹ bọ́tìnnì, ó ní yàrá náà dára, ó ní ajá àdúgbò ni Ìyá Sànúsí gbọ́, wọ́n tilẹ̀ ti mú un lọ. Ẹnì kan mi géètì níta. Ajá náà mi etí, kò gbó. Nígbà tí wọ́n gbọ́ ọ padà, ohùn Mùkáílà nìkan ló wà níbẹ̀, ó mọ́ tónítóní.

Bùsàrí bú sẹ́rìn-ín, àgbàdo ń ta jáde lẹ́nu rẹ̀. "Ẹ kú iṣẹ́ o, Bùọ̀dá. Ẹ kọ́ ajá ní ìdákẹ́jẹ́ kí ẹ lè ráyè parọ́."

"Ìwọ, ṣé o gbọ́ ajá níbẹ̀?"

"Mi ò gbọ́. Ṣùgbọ́n mọ́tò mi ni ìyàwó yín máa bá wá. Bó bá sọ̀ kalẹ̀ níbí tó rí nǹkan onírun yìí, kí lẹ máa sọ fún un? Ṣé 'Jókòó' ni, àbí 'Ó tó'?"

Mùkáílà wo Lọ́kì. Itọ́ kan ń fà tẹ́ẹ́rẹ́ láti ètè rẹ̀ dé ilẹ̀ tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá, ojú rẹ̀ ò sì kúrò lára ọwọ́ òsì. Ó kó o nírìíra bíi ti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ó wá rí Ràdíátù lọ́kàn, tó dúró sẹ́nu géètì, Sànúsí lẹ́yìn rẹ̀, ẹrù lọ́wọ́, tó wo ajá, tó sì gbójú kúrò lára ajá tó wo òun. Irú ojú tí òun fi wo èébì ọjọ́sí, irú rẹ̀ gan-an ni Ràdíátù fẹ́ fi wo òun yẹn.

"Bùọ̀dá, mo fẹ́ máa lọ o."

"Fara balẹ̀." Mùkáílà dá kásẹ́ẹ̀tì padà síbẹ̀rẹ̀, ó sì tẹ bọ́tìnnì. Ohun tí Bùsàrí gbé lọ sí Ìlọrin nìyí:

"Ìyá Sànúsí, èmi ni. Ajá tí o gbọ́, kì í ṣe ti àdúgbò. Inú ilé tí mo fẹ́ mú ọ wá ló wà, tìtorí rẹ̀ ni wọ́n ṣe fún mi ní yàrá. Ó ń rùn. Ó ń lá ibi tí mi ò lè dárúkọ. Mi ò fẹ́ràn rẹ̀, mi ò sì ní kí ìwọ fẹ́ràn rẹ̀. Mo máa kan ilẹ̀kùn kékeré kan sẹ́nu yàrá wa tí kò ní lè fò kọjá. Bútà rẹ, tuntun ni, orí ìṣó gíga ló wà látìgbà tí mo ti rà á. Gbọ́ o, má sá: Lọ́kì, gbó! Wóù-wóù-wóù! Ó tó. Ṣé o gbọ́ bó ṣe dákẹ́? Òun náà nìyẹn. Bó o bá lè gbà á mọ́ra, bá Bùsàrí wá. Bí o ò bá lè gbà á mọ́ra, fi ohùn rẹ ránṣẹ́, màá padà sí Kwali lọ wá ibòmíràn, mi ò ní bínú. Kí Sànúsí má bẹ̀rù. Kó kàn sọ pé, 'Jókòó.' Yóò jókòó."