Òkúta Ta Ló Jábọ́?

Ìyá ọkọ mi kúrú, nítorí náà èmi ni mo gbé òkúta wẹ́wẹ́ àwa méjèèjì lé orí èyí tó ga jù nínú àwọn òpó òkúta pupa àtijọ́ tó tò yípo nínú pápá ẹ̀yìn abúlé wa. Ẹnu ọ̀nà ilé wa la ti ṣà wọ́n, wọ́n jọra bí ìbejì. Ẹni tó bá gbé òkúta síbẹ̀ á tọrọ nǹkan kan nínú ọkàn rẹ̀. A kì í sọ ohun tá a tọrọ, àfi tó bá ti ṣẹ. Tí òkúta ẹni bá dúró, àdúrà ẹni ti gbà nìyẹn. Tó bá jábọ́, kò gbà nìyẹn, a kì í sì í gbé e padà.

Karafa ọkọ mi ti wọ ọkọ̀ ojú omi ní èbúté Barra, ó ní Sípéènì lòun ń lọ. Láti ìgbà náà, fóònù rẹ̀ ò lọ mọ́. Ọjọ́ tó lọ, mo sunkún títí ojú mi fi wú. Ìyá rẹ̀ ló ta màlúù rẹ̀ láti fi san owó ọkọ̀ fún un, tó ń fọ́nnu káàkiri abúlé pé ọmọ òun á kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì.

A ti kẹ́yìn sí òpó náà nígbà tá a gbọ́ "kó!" Òkúta kan ti wà nílẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti mú un.

"Má fọwọ́ kàn án! Ṣé orí ẹ dàrú ni?"

"Ìyá, ta ló ni ín?"

"Èmi ni mo gbé e síbẹ̀ ni? Ìwọ tó o ga bí igi àgbọn ló yẹ kó mọ̀!"

Bó jẹ́ tèmi, bó jẹ́ tìyá, ṣebí Karafa kan náà ni? A jókòó sórí koríko, a ò lè lọ sílé. Ìyá ń fi èékánná họ ilẹ̀.

Fóònù mi dún. Nọ́ńbà tí n ò mọ̀ ni. Ìyá já a gbà lọ́wọ́ mi, ó gbé e.

Karafa ni! Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ wọn kú lójú òkun, àwọn sójà Mọritéénià ló wọ́ wọn dé èbúté, wọ́n sì ń dá wọn padà sílé. Ó ń sunkún.

"Ìyá, ẹ má bínú. Màlúù yín ti wọmi."

"Màlúù burúkú, màlúù radaràda! Máa bọ̀ wálé jọ̀ọ́!"

Inú mi dùn débi pé mo nà gbalaja sórí koríko. Ìyá fi ìborùn nu ojú.

"Ohun tí mo tọrọ náà nìyẹn. Kó padà, ì báà ṣe lọ́wọ́ òfo. Ìwọ ńkọ́, ìyàwó?"

Kó gúnlẹ̀ sí Sípéènì ni mo tọrọ. Èmi tí mo sunkún. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yẹn ti wọ̀ mí lójú.

"Ohun kan náà ni, Ìyá."

Ó wo òkúta tó wà nílẹ̀. Ó wò mí.

"Ta ló wá ni eléyìí?"