Ṣẹ́ẹ̀fù Tíṣà Ọlọ́runyọmí

Nígbà tí Hassanat fi iṣẹ́ báńkì sílẹ̀ ní Àgọ́ Palace, tó ní òun fẹ́ lọ gba oyè másítà nínú ìmọ̀ ilé ìkàwé, ìyá rẹ̀ kò sunkún, kò sì pariwo. Ó kàn ń wò ó bí ẹni pé ọmọ náà ní òun fẹ́ lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń jókòó.

"Ìwé títò?" ni ó bi í. "Ìwé títò lo fẹ́ fi odindi ọdún méjì kọ́?"

Láti ọjọ́ náà, bí àwọn ará ilé wọn ní Bọ́ládé bá béèrè ohun tí Hassanat ń kọ́, ìyá rẹ̀ á ní kọ̀ǹpútà ni. Ọ̀rọ̀ náà dun Hassanat wọra, ṣùgbọ́n ó gbé e mì. Nígbà tó wà ní sẹ́kọ́ńdìrì, wọ́n ní láíbìrì, àgádágodo ló sì máa ń wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ kí àwọn ọmọ má baà ba ìwé jẹ́. Ó jáde iléèwé náà láì fọwọ́ kan ìwé kan níbẹ̀. Inú ṣì ń bí i títí di òní, ìbínú yẹn gan-an ló sì gbé e dé yunifásítì.

Nígbà tó yá, wọ́n ní kí olúkúlùkù wọn lọ fi oṣù mẹ́ta ṣiṣẹ́ ní ilé ìkàwé kan. Ọ̀gá ibẹ̀ ni yóò fọwọ́ sí i pé ó ṣe dáadáa. Ẹni tí ọ̀gá rẹ̀ kò bá fọwọ́ sí tirẹ̀, ọdún tó ń bọ̀ ló tún máa bẹ̀rẹ̀. Ẹ́síteètì Ire-Akari ní Ìsọlọ̀ ni wọ́n rán Hassanat lọ, sí yàrá ìkàwé tó wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn ìpàdé àwọn lándílọ́ọ̀dù.

Háà, ẹ wá wo yàrá! Bí bàbá kan bá kú ní ẹ́síteètì yẹn, ìdílé rẹ̀ á kó ìwé rẹ̀ wá, wọ́n á kan ṣẹ́ẹ̀fù tí wọ́n á tò ó sí, wọ́n á sì fi ọ̀dà kọ orúkọ olóògbé sí i gàdàgbà. Ìwé òfin, Bíbélì, ìwé ẹlẹ́dẹ̀ sísìn, gbogbo wọn á wà pa pọ̀ lábẹ́ orúkọ kan. Bí o bá ń wá ìwé oúnjẹ sísè, àfi kí o kọ́kọ́ mọ èwo nínú àwọn òkú ló fẹ́ràn oúnjẹ. Kò sì sẹ́ni tó ń yá ìwé kankan. Ta ló fẹ́ lọ yọ ẹrù olóògbé lábẹ́ orúkọ olóògbé?

Hassanat lọ bá alága ẹgbẹ́ lándílọ́ọ̀dù, Ọ̀gbẹ́ni Fọlárìn, tó jẹ́ ọ̀gá ibẹ̀, ó ní òun fẹ́ tún yàrá náà tò. Fóònù wà létí alága. "Ṣe é bó ṣe yẹ," ló wí, ó sì ń bá ọ̀rọ̀ fóònù rẹ̀ lọ. Hassanat bá kó gbogbo ìwé sílẹ̀. Ó to ìwé ìṣègùn pọ̀ mọ́ ìṣègùn, ìtàn mọ́ ìtàn, ó lẹ nọ́ńbà mọ́ wọn lẹ́yìn, ó sì kọ orúkọ ẹni tó ni ìwé kọ̀ọ̀kan sí inú èèpo rẹ̀. Ó fi ọ̀dà kun àwọn ṣẹ́ẹ̀fù náà lákọ̀tun, orúkọ ara ṣẹ́ẹ̀fù sì pòórá. Ẹnikẹ́ni kò rán an létí pé ó yẹ kó kọ́kọ́ lọ sọ fún àwọn ìdílé. Òun náà kò sì rò ó.

Èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé wá yáwèé lóòótọ́. Inú rẹ̀ dùn títí di ọjọ́ tí Ìyá Ṣemílọ́rẹ dé.

Opó Tíṣà Ọlọ́runyọmí ni Ìyá Ṣemílọ́rẹ, ará Èkìtì. Ọkọ rẹ̀ kọ́ àwọn ọmọ ní jọ́gíráfì títí tó fi fẹ̀yìn tì. Láti ìgbà tó ti kú ni ìyá yìí ti máa ń mú àkísà wá nu ṣẹ́ẹ̀fù ọkọ rẹ̀. Kì í ṣí ìwé kankan o, á kàn nu ún, á sì máa lọ. Lọ́jọ́ náà, ìwé ìtọ́jú ọmọ jòjòló ló bá lójú ibi tí ọkọ rẹ̀ wà. Àkísà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ta ló lé ọkọ mi jáde?"

Gbogbo ẹ́síteètì ló gbọ́. Alága sáré dé, ó gbàgbé pé òun ti sọ pé kó ṣe é bó ṣe yẹ.

"Orúkọ wọn wà nínú ìwé kọ̀ọ̀kan, sà," ni Hassanat wí.

"Ta ló fẹ́ ṣí i wò? Madam, dá gbogbo ẹ̀ padà bó ṣe wà. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, mi ò ní sáìn nǹkan kan fún ẹ."

Ẹ̀rù ba Hassanat. Ó rí ọdún tó ń bọ̀, ó rí ojú ìyá rẹ̀. Síbẹ̀ ó lanu sọ̀rọ̀. "Sà, ẹ má bínú, mi ò lè dá a padà. Bí mo bá dá a padà, ṣe la tún fẹ́ ti ìwé mọ́lé."

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ó lọ sílé Ìyá Ṣemílọ́rẹ, ó kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Ó yẹ kí n kọ́kọ́ wá sọ fún yín, mi ò sì sọ. Ẹ̀bẹ̀ ìyẹn ni mo wá bẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò lè bẹ̀bẹ̀ fún bí mo ṣe tò ó, torí irọ́ ni màá pa."

Ìyá náà wò ó tìyanu-tìyanu. "O lójú o, ọmọ yìí. Lọ́la ni màá wá kó ìwé ọkọ mi, gbogbo ẹ̀ pátá."

"Màá bá yín kó o, mà."

Lóòótọ́ ni wọ́n sì jọ kó o lọ́jọ́ kejì. Hassanat ń yọ ọ́ níbí, ó ń yọ ọ́ lọ́hùn-ún, ó ń tò ó sí apá ara rẹ̀. Alága dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó káwọ́ gbera. Ó ku ìwé jọ́gíráfì ńlá kan, èyí tí Tíṣà fẹ́ràn jù. Ìyá Ṣemílọ́rẹ rí i lórí tábìlì níwájú obìnrin kan. Tinúadé ni obìnrin náà, ó ń ṣerun ní Bọ́ládé, ó sì fẹ́ tún WAEC ṣe. Ìyá na ọwọ́ sí ìwé náà.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ n parí ibí yìí," ni Tinúadé wí láì gbójú sókè. "Ẹnì kan ti fi pẹ́ńsù kọ nǹkan sí etí ìwé yìí. Tíṣà gidi ni, ó mọ èèyàn bú. Ọ̀rọ̀ ìkùukùu tí mo ti ń kà láti oṣù tó kọjá tí kò yé mi, ẹ gbọ́ ohun tó kọ: 'Má há èyí sórí, ìwọ olórí kunkun. Jáde lọ wo òjò.'"

Ọwọ́ Ìyá Ṣemílọ́rẹ dúró sójú kan. Ẹ̀rín kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀, omijé wá tẹ̀ lé e. Ó fa àga, ó jókòó ti Tinúadé.

"Èmi ló máa ń pè ní olórí kunkun," ló wí. Ó nu ojú, ó yíjú sí alága. "Ọ̀gbẹ́ni Fọlárìn, ẹ sáìn ìwé ọmọ yìí." Ó wá wo Hassanat tòun tẹrù ìwé ní apá. "Kí lò ń gbé ìwọ̀nyẹn dúró fún? Kó wọn padà síbi tó o ti mú wọn."

Hassanat yíra padà, ó ń wá nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn ìwé àkọ́kọ́, ojú rẹ̀ sì ń ṣe bàìbàì. Lẹ́yìn rẹ̀, ó gbọ́ ohùn ìyá náà.

"Ṣí i síwájú. Kí ló tún sọ?"