Ọwọ́ Florentin lára Ògiri Ṣọ́ọ̀ṣì

Olórí kunkun ni ẹ̀gbọ́n mi Honorine. Èmi Ghislaine, àbúrò rẹ̀, ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá wù kó lọ sọ fún un.

Ní Brézolac, ìlú wa, bí ọdún Àjíǹde bá ti ń sún mọ́lé, àwa obìnrin la máa ń fi ẹfun kun ògiri inú ṣọ́ọ̀ṣì. Bí àwọn ìyá ńlá wa ti ń ṣe é nìyẹn. Ọmọ tó bá máa jẹ ara Olúwa fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́dún náà á tẹ àtẹ́lẹwọ́ mọ́ ẹfun tútù. Tó bá di ọdún kejì, a ó kùn ún pa.

Ti Florentin, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, nìkan la ò kùn pa. Odò gbé e lọ lọ́dún tó tẹ ọwọ́ tirẹ̀. A wá òkú rẹ̀ títí, a ò rí i. Láti ìgbà náà, bí búrọ́ọ̀ṣì Honorine bá dé ibẹ̀, á yà fún un.

Lọ́jọ́ kan, òjò gba òrùlé wọlé, ẹfun já bọ́ lápá òsì, ojú ènìyàn yọ lára ògiri. Ó ń wò wá! Garawa bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo ní, "Jésù ooo!"

Wọ́n rán Anaïs sí wa, ọ̀dọ́bìnrin tó ń tún àwòrán àtijọ́ ṣe. Ó ní àwòrán ni ojú náà, pé ó ti tó ẹgbẹ̀rin ọdún, pé ẹfun wa ló dáàbò bò ó.

Honorine rẹ́rìn-ín. "À ń bò ó mọ́lẹ̀, o ní à ń dáàbò bò ó. Ọmọ yìí mọ̀ ọ́n sọ kó dùn létí o!"

Anaïs wá nàka sí ọwọ́ Florentin. "Màmá, ẹfun ibí yìí náà máa kúrò."

"Ta ni màmá ẹ? Ìwọ gan-an lo máa kúrò!"

Láti ọjọ́ kejì ni Honorine ti ń gbé àga wá sábẹ́ ọwọ́ náà, tòun ti búrẹ́dì àti wàrà rẹ̀. Inú bí mi.

"Ẹ̀gbọ́n mi, gbogbo ìlú ló ń wò yín. Ẹ jẹ́ kó lọ."

"Ghislaine, níbo lo fẹ́ kí n ti máa fọwọ́ kan ọmọ mi? Nínú odò?"

Mo gé búrẹ́dì fún un.

Anaïs bẹ̀rẹ̀ láti ìkángun kejì. Ó ń fi abẹ kékeré ha ẹfun díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀yin èèyàn, mo rí nǹkan! Àwọ̀ pupa bí ẹ̀jẹ̀, omi tó ń ru, òkú tó ń jí dìde nínú omi, lọ́kùnrin, lóbìnrin. Imú gígùn ìdílé Baudrier, ará ìlú wa, pàápàá wà níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ẹlẹ́ran wa, tí kì í wọ ṣọ́ọ̀ṣì, ṣí fìlà.

Níkẹyìn, áńgẹ́lì kan yọ, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ létí omi, ó na apá. Anaïs ń ha ẹfun tẹ̀ lé apá náà: ìgúnpá, ọrùn ọwọ́. Ó dúró. Abẹ́ àtẹ́lẹwọ́ Florentin ni ọwọ́ áńgẹ́lì wọ̀ lọ.

Ó yíjú sí Honorine. "Màmá, mi ò mọ ẹni tí áńgẹ́lì yìí ń fà jáde níbí."

Honorine dìde. Ó gbé ọwọ́ lé àmì ọwọ́ Florentin.

"Èmi mọ̀ ọ́n."

Anaïs nu abẹ rẹ̀, ó fi í sínú àpò. Ẹ̀gbọ́n mi gbé àga rẹ̀, ó ní ká máa lọ sílé, pé ọbẹ̀ ti tutù.