Ìlà Kejì Lára Òkúta

"Ẹ fi ìka lé e, Bàbá," ni Ọwọ́-ò-gbọ̀n wí, ṣùgbọ́n bàbá náà ká ọwọ́ mọ́ àyà bí ẹni pé òkúta náà gbóná.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbi iṣẹ́ Ọwọ́-ò-gbọ̀n nìyẹn. Yóò fi pẹ́ńsù kọ ọ̀rọ̀ sára òkúta ibojì, àwọn tó ni òkú yóò fi ìka tọ ọ̀rọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wọn yóò sì wí pé, "Bẹ́ẹ̀ ni." Ìgbà náà ni òòlù yóò tó kan irin. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n rèé tí obìnrin yìí ti ń gbẹ́ òkúta, kò tíì ṣi lẹ́tà kan gbẹ́ rí, kò sì fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni pé òun mọ iṣẹ́. Àwọn oníbàárà ló fún un lórúkọ ìnagijẹ yẹn, ó sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀.

Ìlà àkọ́kọ́ kò níjà nínú. Orúkọ olóògbé, ìyàwó bàbá náà, ni. Bàbá, tó fi gbogbo ayé rẹ̀ wa bọ́ọ̀sì kó tó fẹ̀yìn tì, ti fi ìka tọ ìyẹn, ó sì ti nu ojú. Ìlà kejì ló di wàhálà. Ìtumọ̀ orúkọ náà ló wà níbẹ̀: Ojúmọ́ Mọ́.

"Irọ́ ni," ni àbúrò olóògbé tún wí. Ìyá àgbà náà ti fi ọjọ́ méjì wọkọ̀ wá láti ìlú wọn, báàgì rẹ̀ ṣì wà léjìká. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Lédè tiwa, 'Ó Tó' ni orúkọ yẹn. Ọmọbìnrin karùn-ún ni, ọkùnrin ni bàbá wa sì ń retí. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, ohun tí wọ́n rí nílé wa lọ́jọ́ náà nìyẹn. Mi ò fẹ́ irọ́ lórí ẹ̀gbọ́n mi."

Ọwọ́-ò-gbọ̀n na ọwọ́ sí ìwé ìtumọ̀ orúkọ tó wà lórí pẹpẹ, èyí tí eruku òkúta ti sọ di funfun. Ẹ wá wo ìjàngbọ̀n: ìwé náà ní orúkọ yẹn kì í ṣe ti èdè ìhín, kì í ṣe ti ọ̀hún. Àwọn oníṣòwò ayé àtijọ́ ló gbé orúkọ náà kiri, irú aṣọ kan ló sì ń jẹ́. Ó pa ìwé dé kíá. Ṣé kó wá sọ fún bàbá pé aṣọ ló gbé níyàwó ni?

Bàbá ti jókòó sórí àpótí. "Ọdún mọ́kànlélógójì," ló wí. "Àràárọ̀ ni mo ń pè é, tí mo sì ń rò pé ojúmọ́ ni mò ń kí. Kò fìgbà kan sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Tó bá lè purọ́ orúkọ ara rẹ̀ fún mi, kí ló wá sọ fún mi tó jẹ́ òótọ́? Má gbẹ́ nǹkan kan síbẹ̀. Jẹ́ kó ṣófo."

Àárọ̀ ọ̀la ni wọ́n máa ri òkúta náà mọ́lẹ̀. Inú bí Ọwọ́-ò-gbọ̀n, torí òkúta kankan kò tíì jáde lọ́dọ̀ rẹ̀ láìparí rí. Ṣùgbọ́n àánú bàbá ju ìbínú lọ. Ikú ti mú ìyàwó lọ, bàbá tún fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ sọ ọdún mọ́kànlélógójì nù lé e.

Ó gbé pẹ́ńsù sẹ́yìn etí. "Bàbá, ta ló kọ́kọ́ dárúkọ ojúmọ́? Ẹ̀yin ni àbí ìyàwó yín?"

"Òun ni," ni bàbá wí. Lẹ́yìn náà ó wo orúkọ tó wà lára òkúta.

"Bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ ni mò ń wà láàárọ̀ náà, ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán. Òun nìkan ló wọlé. Mo bi í pé kí lorúkọ rẹ̀, ó wí i bí ẹni tó ń tọrọ àforíjì. Mo ní, lédè wa, ojúmọ́ mọ́ nìyẹn. Ó ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Ó tún ní kí n tún un sọ." Ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu ẹnu. "Èmi ni. Èmi ni mo sọ ọ́."

Àbúrò olóògbé rọra sọ báàgì kalẹ̀.

"Lẹ́tà àkọ́kọ́ tó kọ sílé," ló wí. "Ó ní ká bá òun yọ̀, òun ti yí orúkọ òun padà. A wo ìsàlẹ̀ lẹ́tà, orúkọ àtijọ́ náà la rí. Ìyá wa rẹ́rìn-ín títí, wọ́n ní ọmọ yìí ò ní yéé ṣe yẹ̀yẹ́." Ó yíjú sí bàbá. "Kò sì dáhùn orúkọ yẹn nílé rí o. Èèyàn á pè é pè é, á ṣe bí ẹni tí ò gbọ́."

Ìyá àgbà náà ló kọ́kọ́ gbẹ́sẹ̀. Ó lọ síbi òkúta, ó fi ìka rẹ̀ lé ìlà kejì, ó tọ̀ ọ́ dé òpin, ó sì wí pé, "Bẹ́ẹ̀ ni." Lẹ́yìn náà ó na ọwọ́ sí ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó fà á dìde, bàbá náà sì fi ìka tirẹ̀ tọ̀ ọ́, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìwé kíkà.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni bàbá wí.

Ọwọ́-ò-gbọ̀n gbé irin, ó gbé òòlù. Ó ní láti gbé wọn sílẹ̀ padà, kó dúró díẹ̀, kó tó lè bẹ̀rẹ̀.