Ríìmù Ọkọ̀ Ẹ̀gbọ́n Babáwálé

Ọdún kẹrin rèé tí ọkọ̀ náà ti wà lábẹ́ tapólì nínú gáráàjì Olúrótìmí ní Fort Washington, ní Maryland. MG ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, aláwọ̀ ewé, ẹni méjì péré ló ń gbà. Kì í ṣe tirẹ̀. Babáwálé ló ni ín. Babáwálé fi ọdún méjì jù ú lọ, nítorí náà láti ọjọ́ tí wọ́n ti mọra ni Olúrótìmí ti ń pè é ní ẹ̀gbọ́n. Kò sọ "ìwọ" sí i rí.

Ọkọ̀ yìí ni Babáwálé fi wá gbé e ní pápá ọkọ̀ òfuurufú nígbà tó kọ́kọ́ dé láti Ìbàdàn. Oṣù kọkànlá ni. Babáwálé ká aṣọ orí ọkọ̀ sílẹ̀, ó ní kí Amẹ́ríkà rí àlejò òun. Olúrótìmí gbọ̀n títí wọ́n fi délé. Kò sọ pé òtútù ń mú òun. Ẹ̀gbọ́n ló ń wa ọkọ̀.

Nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu Babáwálé, tó gba ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ àti ìdajì ahọ́n rẹ̀, ó ní kí Túndùn ìyàwó òun gbé kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ fún Olúrótìmí. Ohun kan ló tọrọ.

"Tún un ṣe. Kí o fi gbé mi jáde lẹ́ẹ̀kan, kí n tó lọ."

Nígbà náà, kò sẹ́ni tó bi í pé níbo ló ń lọ. Nígbà tí yóò fi di oṣù kejì ọdún 2006, gbogbo wọn ti mọ̀. Àwọn ọmọ Babáwálé ti pinnu. Ní Ọjọ́bọ̀ tó gbẹ̀yìn oṣù kẹta, bàbá àti ìyá wọn yóò wọ bàálù lọ sí Ìbàdàn, sí ilé tí wọ́n kọ́ sí Àkóbọ̀. Kò sẹ́ni tó ń tan ara rẹ̀ pé Babáwálé yóò tún padà wá.

Ẹ́ńjìnnì ti ń ṣiṣẹ́. Bíréèkì ti dáa. Ọwọ́ ara rẹ̀ ni Olúrótìmí fi ṣe é. Ó wá ku ríìmù. Ríìmù onápá mẹ́jọ ló wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ náà, méjì nínú wọn sì ti sán. Olúrótìmí fi ọdún méjìlélógún yẹ afárá wò fún ìjọba kọ́ńtì ní Upper Marlboro kó tó fẹ̀yìn tì. Ẹni tó ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í gbé èèyàn lé irin tó ti sán.

Àwọn kan ṣì wà tí wọ́n ń rọ irú ríìmù náà ní tuntun, ní àwòṣe ti àtijọ́ gẹ́lẹ́. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń tà á. Oríṣi méjì ló wà: ti íńṣì mẹ́rìnlá àti ti íńṣì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Olúrótìmí ti rí i lára táyà, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà: mẹ́rìnlá. Síbẹ̀, a kì í ra nǹkan sọ́kọ̀ ọlọ́kọ̀ láìbi ọlọ́kọ̀. Ó lọ bi í.

Babáwálé jókòó lẹ́bàá fèrèsé, bùláńkẹ́ẹ̀tì lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ti tó oṣù mélòó kan tó ti ń fi orúkọ ọmọ rẹ̀ kan pe òmíràn.

"Ẹ̀gbọ́n, íńṣì mélòó ni ríìmù yín?"

Babáwálé fa bùláńkẹ́ẹ̀tì náà sókè.

"Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún."

"Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ̀gbọ́n?"

"Àbí ìwọ lo ni ọkọ̀?"

"Ẹ̀yin lẹ ni ín."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀."

Túndùn sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. "Bàbá Ànú, ẹ ṣeun," ó ní. "Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ yìí nìkan ló kù tí kì í ṣì sọ."

Ọ̀rọ̀ yẹn bá a délé. Ó mú tépù, ó wọn ọ̀kan nínú àwọn ríìmù àtijọ́ náà láti etí kan dé etí kejì. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni tépù sọ. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Kò tún wo ara táyà mọ́.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Ànúolúwapọ̀, ló bá a rà á lórí kọ̀ǹpútà. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni, Maryland ni wọ́n bí i sí, Laurel ló sì ń gbé. Òun náà ló kó àwọn ẹsẹ̀ ọkọ̀ àtijọ́ lọ fún Rasaq, ọmọ Ọ̀yọ́ tó ń ta táyà lẹ́bàá títì Route 1 ní Laurel níbẹ̀, kí Rasaq lè wo ara wọn, kó fi wá táyà tuntun.

"Dádì, fọ́tíìn ni wọ́n kọ sára táyà tí mo gbé lọ."

"Mo wọn ríìmù. Ẹ̀gbọ́n náà sọ bẹ́ẹ̀. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún."

Ànú wò ó. Ó tẹ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Ó ní ìdí tí kò fi sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, Babáwálé dìde ní ìsìn ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà wọn, ó ní ọdún 1978 ni òun lọ gbé Olúrótìmí ní pápá ọkọ̀ òfuurufú. Ànú dáhùn láti orí ìjókòó pé rárá, Ańkù, 1979 ni. Ìjọ rẹ́rìn-ín. Olúrótìmí kò rẹ́rìn-ín. Bí wọ́n ṣe ń lọ sílé, gbólóhùn kan ló sọ fún un: ọmọ kì í já àgbà ní koro.

Ọdún 1979 ni lóòótọ́.

Ríìmù náà pẹ́ lọ́nà. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló dé, Ọjọ́bọ̀ sì ni bàálù yóò gbéra. Ó dára. Ó ń dán, apá mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ pé, kò sí ibi tó sán. Olúrótìmí fi ìka yí ọ̀kọ̀ọ̀kan po bó ṣe máa ń ṣe sí irin afárá. Lẹ́yìn náà, òun àti Ànú kó wọn lọ sí Laurel.

Rasaq gbé táyà lé ríìmù, ó tẹ̀ ẹ́. Ó tún un tẹ̀. Ó nàró.

"Bàbá, ẹ fẹ́ fi fìlà ìkókó dé arúgbó."

"Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Táyà tí mo rà fún yín, mẹ́rìnlá ni. Ohun tí mo kà lára ti àtijọ́ nìyẹn. Ríìmù yìí, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Wọn ò ní í fẹ́ra láéláé."

"Mo fi tépù wọn ti àtijọ́."

"Láti etí dé etí?"

Olúrótìmí wo etí ríìmù náà.

"Ibi tí táyà jókòó sí nínú là ń wọ̀n, bàbá. Ẹni tó ń wọn orí fún fìlà kì í wọn etí mọ́ ọn."

Ànú pe àwọn tó rọ ọ́. Wọn ò bá a fa ọ̀rọ̀. Wọ́n ní kó dá a padà, ti mẹ́rìnlá yóò dé lọ́jọ́ kẹjọ.

Lọ́jọ́ kẹjọ, Babáwálé yóò ti wà ní Àkóbọ̀. Olúrótìmí jókòó lórí táyà tí wọ́n tò jọ. Ó gbé ọwọ́ lé orúnkún méjèèjì.

"O mọ̀," Olúrótìmí sọ fún ọmọ rẹ̀.

"Mo sọ ọ́, Dádì. Lẹ́ẹ̀kan."

"Kí ló dé tí o ò sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì?"

"Ẹ̀yin lẹ sọ fún mi pé ọmọ kì í já àgbà ní koro."

Ó fẹ́ dá a lóhùn. Ó rántí àga ẹ̀bá fèrèsé, ó rántí bùláńkẹ́ẹ̀tì. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ̀gbọ́n? Ẹ̀yin lẹ ni ín.

"Ìwọ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan," ó ní. "Èmi ò sọ ọ́ rárá."

Ọkọ̀ ńlá kan kọjá lórí Route 1. Ànú dúró kó kọjá tán.

"Dádì, ṣé mo lè sọ nǹkan kan?"

"Sọ ọ́."

"Ẹ jẹ́ ká fi ríìmù sílẹ̀. Táyà ni ká pààrọ̀. Ká wá ti mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kúrú. Gíga ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà ò ní í fi bẹ́ẹ̀ yí padà."

Olúrótìmí wo Rasaq.

"Ọmọ yìí fẹ́ gba ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ mi," Rasaq ní. "Ó tọ̀nà. Mi ò ní irú ẹ̀ nílẹ̀. Mo mọ ẹni tó ní i ní Baltimore."

"Ìgbà wo?"

"Láàárọ̀ ọ̀la. Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ má pè mí lọ́mọ Ọ̀yọ́ mọ́."

Ní Ọjọ́rú, kí ó tó di ọ̀sán, Rasaq fúnra rẹ̀ kó àwọn ẹsẹ̀ ọkọ̀ tuntun náà wá sí Fort Washington. Ó ní òun fẹ́ rí ọkọ̀ náà. Olúrótìmí de nọ́ọ̀tì, ó sọ ọkọ̀ kalẹ̀, ó yí ìtọ́kọ̀ sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. Ó ti ìka bọ àárín táyà àti màdígáàdì. Ìka kọjá. Ó tún ṣe bẹ́ẹ̀ ní ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Lẹ́yìn náà ló dúpẹ́ lọ́wọ́ Rasaq.

Ànú ti gba ìsinmi ọjọ́ kan níbi iṣẹ́. Òun ló ṣáájú bàbá rẹ̀ lọ ran Túndùn lọ́wọ́ láti wọ kóòtù fún Babáwálé. Nígbà tí MG náà yà wọ àgbàlá, Babáwálé ti dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀.

Kò wo ara ọkọ̀. Ẹsẹ̀ ló wò. Ó rọra bẹ̀rẹ̀, Ànú dì í mú. Ó fi ọwọ́ òsì pa ríìmù lára, apá kan tẹ̀ lé òmíràn, títí ó fi dé ibi tí táyà ti bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ dúró níbẹ̀.

"Ó tóbi," ó ní.

Túndùn yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Mẹ́rìnlá ni tèmi."

Olúrótìmí sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀.

"Ẹ̀yin lẹ sọ pé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ̀gbọ́n."

"Mo ṣì í sọ?"

Ó ti lé ní ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tí Olúrótìmí ti ń bá ọkùnrin yìí sọ̀rọ̀, kò sì já a ní koro rí. "Ẹ ṣì í sọ," ó ní.

"O mọ̀?"

"Mo mọ̀."

"O sì dákẹ́."

"Mo dákẹ́."

Babáwálé gbé ojú sókè. Ìdajì ẹnu rẹ̀ tó ṣì ń ṣiṣẹ́ rẹ́rìn-ín.

"Rótìmí. Òkú la kì í bá jiyàn. Ṣé mo ti kú ni?"

"Rárá, ẹ̀gbọ́n."

"Ó dáa. Gbé mi wọ ọkọ̀."

Wọ́n gbé e wọ ọkọ̀. Túndùn de bẹ́líìtì mọ́ ọn, ó fa fìlà rẹ̀ bo etí. Afẹ́fẹ́ oṣù kẹta ṣì mú. Babáwálé na ọwọ́ òsì sókè, ó fọwọ́ kan orí ọkọ̀.

"Ká a sílẹ̀."

"Mi ò ní í ká a," Olúrótìmí ní. "Òtútù wà. Ẹ máa wọ bàálù lọ́la."

"Ọkọ̀ ta ni?"

"Ọkọ̀ yín. Mi ò ní í ká a."

Babáwálé yí gíláàsì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ fúnra rẹ̀, tẹ́rùntẹ́rùn, bí ẹni tó borí.

Wọ́n gba ọ̀nà odò Potomac. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ ń yí geere, kò ha níbì kankan. Nígbà tí wọ́n rí omi, Babáwálé sọ̀rọ̀.

"Ọdún '78. Mo lọ gbé ọ. Òtútù pa ọ́, o ò sọ̀rọ̀."

"'79 ni, ẹ̀gbọ́n."

"'78."

"'79. Ànú sọ ọ́ fún yín ní ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tó wà lọ́mọdé. Òótọ́ ló sọ. Mo bá a wí."

"Kí lo bá a wí sí?"

"Mo ṣì í ṣe."

Babáwálé ronú sí i. Ó ka ọdún lórí ìka òsì, ó dá a dúró, ó tún un kà.

"'78," ó ní.

Wọ́n jiyàn yí ẹ̀bá odò po, wọ́n jiyàn padà. Nígbà tí wọ́n dé iwájú ilé, Túndùn àti Ànú jáde wá láti gbé e sọ̀ kalẹ̀. Babáwálé kò tú bẹ́líìtì.

"A ò tíì yanjú ẹ̀," ó sọ fún wọn.

"Kò tíì yanjú," Olúrótìmí ní, ó sì tún yí ọkọ̀ padà sójú títì.